Bí mo ṣe dán flash 64GB wò, tó sì já sí 8GB

64GB ni wọ́n kọ sára flash náà. Ohun tí wọ́n kọ sára ike kò tó gbára lé: ṣíìpù kékeré inú flash ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ààyè rẹ̀ ṣe tó, ẹni tó bá sì tún ètò inú ṣíìpù yẹn kọ lè mú un pa irọ́ tó bá wù ú. Ìdí nìyí tí mo fi dán an wò kí n tó kó fídíò kankan sí i.

Lórí Ubuntu (irú Linux kan), mo fi sudo apt install f3 gbé f3 wọlé, àkópọ̀ ètò tó ń dán flash wò. Mo ki flash bọ ojú USB, mo tẹ lsblk láti mọ orúkọ rẹ̀: /dev/sdb. Ẹ fara balẹ̀ níbí o. Bí ẹ bá ṣi orúkọ kọ, dísìkì kọ̀ǹpútà yín gan-an lẹ máa pa rẹ́.

Mo darí f3write, ètò tó ń kọ fáìlì ìdánwò, sí fódà flash náà. Ó ń fi fáìlì 1GB kọ̀ọ̀kan kún un, 1.h2w, 2.h2w, títí ààyè fi tán. Bí flash bá ń kọ 10MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 64GB á gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 47. Bí ààyè gidi inú flash ayédèrú bá ti tán, kì í tọ́jú ohun tí ẹ bá tún fún un. Orúkọ fáìlì á hàn, ìwọ̀n rẹ̀ á hàn, nítorí apá ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́mọ́rì, tó wà lóòótọ́, ni àkọsílẹ̀ orúkọ wà. Ohun inú fáìlì ni kò sí. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn.

Mo yọ flash náà, mo tún un kì bọ ojú USB, kí kọ̀ǹpútà má baà ka ohun tó ṣẹ́kù sínú RAM tirẹ̀. f3read, tó ń ka àwọn fáìlì náà padà, wá tú àṣírí: Data OK kò pé 8GB, gbogbo ìyókù Data LOST.

Mo tẹ sudo umount /dev/sdb1 kí kọ̀ǹpútà lè tú flash sílẹ̀, lẹ́yìn náà sudo f3probe --destructive /dev/sdb, èyí tó ń wá ìwọ̀n gidi flash, tó sì ń pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. f3probe fúnra rẹ̀ kọ àṣẹ f3fix tó yẹ jáde, èyí tó ń tún flash pín kí ó mọ sí ààyè gidi, pẹ̀lú nọ́ńbà sẹ́kítọ̀ (ẹyọ ààyè kékeré inú flash) tó gbẹ̀yìn. Mo lò ó bẹ́ẹ̀, mo yọ flash, mo tún un kì bọ ojú USB, mo fi sudo mkfs.vfat -F 32 /dev/sdb1 fọ́ọ̀mátì rẹ̀ sí FAT32, ọ̀nà kan tí flash ń gbà to fáìlì. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó 4GB. ExFAT, ọ̀nà mìíràn, ló dára fún fídíò ńlá.

Mo tún f3write àti f3read ṣe: kò sí LOST mọ́. Mo fi máákà kọ 8GB sára ike náà, torí bí ẹnikẹ́ni bá tún un pín látìbẹ̀rẹ̀, 64GB ló máa tún pè é.