Bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ la pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor já

Ọ̀nà márosẹ̀ Eyre ló gba inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor kọjá ní gúúsù Ọsirélíà. Láti ìlú Norseman ní ìwọ̀ oòrùn dé ìlú Ceduna ní ìlà oòrùn tó nǹkan bíi kìlómítà 1,200, gbogbo rẹ̀ ló sì ti ní ọ̀dà láti ọdún 1976. Ọ̀nà náà dáa. Omi àti atẹ́gùn ló ń dá àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lágara. Lọ́dún 1896, nígbà tí kò tíì sí ọ̀dà rárá, Arthur Richardson gun kẹ̀kẹ́ láti Coolgardie dé Adelaide láàárín ọjọ́ 31. Ẹni tó bá ṣètò omi rẹ̀ dáadáa lónìí lè ṣe tiẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Oṣù tí ẹ máa lọ lẹ máa kọ́kọ́ mú. Ẹ lọ láàárín oṣù Karùn-ún sí Ìkẹsàn-án, ìgbà òtútù wọn. Ẹ má dán an wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ooru ibẹ̀ dé ìwọ̀n 49.9 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà òtútù, ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń gbà wá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbéra láti Norseman, kó lè máa tì yín lẹ́yìn. Òru máa ń tutù ju ti ọyẹ́ lọ, nítorí náà ẹ mú àpò ìsùn tó nípọn dání.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti máàpù. Ilé epo ni kí ẹ fi ṣírò ìrìn àjò yìí. Ibẹ̀ lẹ ti máa jẹun, tí ẹ máa wẹ̀, tí ẹ sì lè pàgọ́ sùn. Norseman sí Balladonia jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 190. Balladonia sí Caiguna, 182, níbi tí ọ̀nà ti lọ gbọọrọ fún kìlómítà 146 láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì. Lẹ́yìn Caiguna, ara á rọ̀ yín díẹ̀, torí Cocklebiddy, Madura, Mundrabilla àti Eucla ò jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá kúrò ní Border Village, tó wà lẹ́yìn Eucla, ó tún di nǹkan bíi 186 kí ẹ tó dé ilé epo Nullarbor. Àwọn àlàfo gígùn yìí ni kí ẹ torí wọn múra.

Ẹ ṣírò lítà 5 sí 6 lójúmọ́ fún mímu àti oúnjẹ sísè. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni kìlómítà 190, nítorí náà ẹ gbé lítà 12, kí ẹ fi 2 lé e bí atẹ́gùn bá lọ yí padà. Lítà kan, kílò kan: ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ á máa mì. Ẹ fi díẹ̀ sáàárín férémù, díẹ̀ sísàlẹ̀ àpò iwájú. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Òjò tó bá rọ̀, ilẹ̀ á fà á mu, kò sí odò tó ń ṣàn. Omi tí wọ́n ń fà látinú ilẹ̀ sì sábà máa ń níyọ̀. Ẹ béèrè ní káúńtà bóyá omi ẹ̀rọ wọn ṣeé mu. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé mu, ẹ ra ti inú ike. Ó wọ́n, ẹ rà á bẹ́ẹ̀. Táǹkì omi òjò wà láwọn ibi ìsinmi kan, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e, torí ó lè ti gbẹ.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ẹ lo táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 40. Wáyà ló ń dá táyà lu jù níbẹ̀. Táyà tírélà tó bá bẹ́ máa ń fọ́n wáyà wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tín-ín-rín bí irun, tó jẹ́ pé tó bá wọnú rọ́bà, ojú ò ní rí i. Tí tiúbù bá jò, ẹ yọ táyà, kí ẹ fi òwú rọra nu inú rẹ̀ yípo. Ibi tí òwú bá ti há, wáyà wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde kí ẹ tó fi tiúbù tuntun sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun náà á jò. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà yìí, nítorí náà ẹ kó tiúbù bíi mẹ́rin, páńpù, sípókù àti ṣéènì dání.

Apá òsì ọ̀nà ni ọkọ̀ ń gbà ní Ọsirélíà. Tírélà tó gùn tó mítà 36 wọ́pọ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so dígí mọ́ kẹ̀kẹ́. Tí ọ̀kan bá ń bọ̀ níwájú, tí òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹ sì rí i pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti máa pàdé, ẹ sọ̀ kúrò lórí ọ̀dà. Ẹ má ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí oòrùn tó wọ̀ ni kí ẹ ti pàgọ́, kó jìnnà sí ọ̀nà, torí ẹranko kangaroo máa ń jáde nírọ̀lẹ́, awakọ̀ ò sì ní tètè rí yín.

Fóònù kì í sábà ṣiṣẹ́ láàárín ilé epo sí ilé epo, ẹ mú ẹ̀rọ pàjáwìrì tó ń lo sátẹ́láìtì. Ẹ máa rí àmì funfun ńlá tí wọ́n kùn sórí ọ̀dà níbì kan. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú Royal Flying Doctor Service ti lè balẹ̀ wá gbé aláìsàn. Ẹ kọ orúkọ ilé epo tó sún mọ́ ibẹ̀ sínú ìwé.

Ní Ceduna, wọ́n á yẹ ẹrù yín wò nítorí kòkòrò tó ń ba irè oko jẹ́. Ẹ jẹ èso àti ewébẹ̀ tútù yòówù tó bá kù tán kí ẹ tó débẹ̀.