Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ẹ bá ń lo sọ́fítíwíà open source láti máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kọ́ èèyàn ní kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nbgrader o, Otter-Grader o, Autolab o, CodeRunner o, sọ́fítíwíà tó ń bá yín máàkì kóòdù ni gbogbo wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì dáa, mi ò ní kẹ́ẹ má lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ẹ bá ní kí wọ́n wò nìkan ni wọ́n ń wò, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ.

Ẹ má fi ohun tí kóòdù tẹ̀ jáde wé ìdáhùn tiyín lẹ́tà sí lẹ́tà. Èyí ló ń dùn mí jù. Ọmọ ti yanjú ìṣòro náà pátá, àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sí ìparí ìlà, tàbí ó kọ "Total" dípò "total", ẹ̀rọ bá fún un ní òdo. Ti nọ́ńbà tó ní pọ́íǹtì tiẹ̀ tún burú jù, torí 0.1 + 0.2 nínú Python kì í ṣe 0.3, 0.30000000000000004 ló máa gbé jáde, tẹ́ẹ bá wá fi == yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ṣe é dáadáa ló máa féèlì. Ẹ lo math.isclose, tó ń wò ó bóyá nọ́ńbà méjì súnmọ́ra tó. Ẹ sì jẹ́ kí test yín, ìyẹn kóòdù tẹ́ẹ kọ láti fi yẹ iṣẹ́ wọn wò, pe fọ́ńṣọ̀n náà fúnra ẹ̀ kó wo ohun tó dá padà, dípò kó máa ka ohun tó tẹ̀ síta.

Ẹ má gbé test jáde láì tíì dán an wò. Kì í ṣe ìdáhùn tó pé nìkan lẹ máa fi dán an wò o, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ èyí tí kò pé náà, irú ẹni tó gbàgbé list tó ṣófo, irú ẹni tó kàn kọ return 5 torí ó ti rí i pé 5 ni test ń retí. Tí ìyẹn bá páàsì, test yín ò tíì tó. Nínú nbgrader, ohun tẹ́ẹ bá kọ sáàárín ### BEGIN HIDDEN TESTS àti ### END HIDDEN TESTS kò ní sí nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà, á padà wọlé tó bá di àsìkò máàkì. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ẹ̀ pamọ́. "Wrong" lásán ò kọ́ èèyàn ní nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé input báyìí la fún un, èyí la retí, èyí lo gbé wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí kóòdù ẹni ẹlẹ́ni ṣiṣẹ́ lórí sáfà tí máàkì gbogbo kíláàsì wà. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá ní èrò ibi, while True kan ṣoṣo tí kò lópin ti tó láti dá gbogbo nǹkan dúró lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ ń parí. Jobe, ìyẹn sáfà tó ń ran kóòdù, ni CodeRunner máa ń gbé kóòdù fún, orí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló yẹ kó wà, kò yẹ kóun àti Moodle, ìyẹn sáìtì ẹ̀kọ́ tí CodeRunner ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, jọ wà lójú kan. Tó bá jẹ́ Docker, tó ń ti kóòdù mọ́nú àyè tiẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ ń lò, ẹ fi gbèdéke sí àsìkò àti mẹ́mórì, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹ máa ṣe update náà: ní 2024, wọ́n rí ihò nínú Judge0, sọ́fítíwíà open source mìíràn tó ń ran kóòdù, ihò tó lè jẹ́ kí kóòdù já kúrò nínú sandbox, ìyẹn àyè tí wọ́n há a mọ́, version 1.13.1 ni wọ́n ti dí i, ẹni tí ò bá ṣe update, ihò ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Version Python àti ti library tẹ́ẹ fi ń máàkì, ẹ sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ bá sì fún ní òdo, ẹ fi ojú ara yín ka iṣẹ́ ẹ̀ kí máàkì tó jáde.