Tẹlifíṣọ̀n Ọ̀fẹ́ Nínú Ilé: Iye Tó Ń Náni àti Ibi Tó Yẹ Kí Owó Náà Lọ
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn àgbẹ̀ àti onílé

Àwọn onílé ní Òṣogbo àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, tí wọ́n fẹ́ máa wo tẹlifíṣọ̀n láìsan owó oṣù, ni a kọ ìwé yìí fún. Ohun tó fà á ni pé lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, àwọn kan tó ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láti fi ra dekódà tún padà wá yá òmíràn, wọ́n ní èyí tí àwọn rà ti bàjẹ́. A yẹ ilé wọn wò. Dekódà kò bàjẹ́. Orí igi ọparun tí kò ga ju òrùlé lọ ni wọ́n so àntẹ́nà mọ́, wáyà tín-ínrín tí wọ́n ti so kókó sí lójú mẹ́ta ni wọ́n fi fà á wọlé, wọ́n sì wá gbé búsítà, ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbì tó ń gbé àwòrán wá di ńlá, sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n pé kí ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àṣìṣe yìí kan náà ni a ń bá ní ilé dé ilé, òun sì ni ìwé yìí dá lé. A kò ní í kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò tàbí bí wọ́n ṣe ń po símẹ́ǹtì, nítorí ẹni tó ti ri òpó ọgbà rí mọ ìyẹn.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti fẹ́ kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bọ́ sórí ti dígítà ṣáájú ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà ọdún 2015 tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò sí, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe nígbà náà. Ìlú Jọ́ọ̀s ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i ní Oṣù Kẹrin ọdún 2016, ó dé Ìlọrin ní Oṣù Kejìlá ọdún 2017, ó dé Òṣogbo ní Oṣù Kejì ọdún 2018, ó sì dé Èkó ní Oṣù Kẹrin ọdún 2021. FreeTV ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ní Jọ́ọ̀s, ₦1,500 ni wọ́n ta dekódà nígbà náà nítorí pé ìjọba ló san ìyókù, àwọn kan sì ṣì ń fi iye yẹn bá oníṣòwò jà títí di òní. Kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tà á ní iye yẹn mọ́.

Ìlànà tí a ń lò ní Nàìjíríà fún ìgbì dígítà tí àntẹ́nà lásán ń mú ni wọ́n ń pè ní DVB-T2. Kí ẹ tó ra dekódà, ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín tàbí ìwé tó bá a wá. Bí DVB-T2 bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ so àntẹ́nà mọ́ ọn tààrà, kí ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ wá àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lórí afẹ́fẹ́, kí ẹ rí ohun tó gbé wá kí ẹ tó náwó kankan. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ihò oníyẹ́lò, funfun àti pupa lẹ́yìn ṣì wúlò, dekódà nìkan ló kù kí ẹ so mọ́ ọn. Kò sí ìdí láti sọ ọ́ nù. Dekódà tí a kọ DVB-S2 nìkan sí lára, àwo ńlá ni wọ́n ṣe é fún, kò ní í mú àwòrán kankan láti orí àntẹ́nà. Bákan náà, dekódà àwọn tó ń gba owó oṣù, tí ẹnì kan bá tà fún yín ní àlòkù, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ni yóò máa pàṣẹ fún un títí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fọwọ́ sí ni pé kí oníṣòwò tan án, kí ẹ fi ojú ara yín rí àwòrán, kí ẹ tó ka owó sílẹ̀ fún un.

Nípa owó, ẹ jẹ́ ká fi ₦60,000 ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà kì í dúró lójú kan, nítorí náà bí iye bá yí padà, ẹ má yí bí a ṣe pín in padà. Òpó irin, ohun ìdè rẹ̀ àti símẹ́ǹtì yóò gba ₦27,000. Dekódà yóò gba ₦15,000. Àntẹ́nà ìta yóò gba ₦9,000. Wáyà àti àwọn orí rẹ̀ yóò gba ₦9,000 tó kù. Ẹ ó rí i pé òpó àti wáyà nìkan ti ju ìdajì owó lọ. Ibí yìí gan-an ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Òpó kò ní iná tó ń ṣẹ́jú, wáyà kò ní ìwé tí wọ́n ya àwòrán aláràbarà sí, kò sì sí àlejò tí yóò wọlé kí ó yìn yín nítorí irin tó dúró lẹ́yìn ilé. Nítorí náà wọ́n á kó owó lé dekódà àti búsítà, ohun tó bá ṣẹ́kù ni òpó á gbà, ohun tí ó sì máa ń ṣẹ́kù kò ju ọparun lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ búsítà yìí tán. Búsítà ń sọ ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ di ńlá, ariwo tó wà nínú rẹ̀ sì ń di ńlá pẹ̀lú. Ìgbì tó ti sọnù lórí wáyà kí ó tó dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò fi gbé e dìde. Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, bí ìgbì bá rẹ̀, àwòrán á máa rí bí ẹni pé òjò ń rọ̀ sí i, ẹ ó sì máa wò ó lọ bẹ́ẹ̀. Ti dígítà kò mọ àárín: yóò mọ́ gaara, tàbí kí ó gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ó sì dúró gbagidi. Ìdí nìyí tí ẹni tí ìgbì rẹ̀ kàn fi díẹ̀ tó yóò fi máa rò pé gbogbo nǹkan dára, títí di ọjọ́ tí òjò kan rọ̀. Kìkì ibi tí wáyà bá ti gùn ju mítà 30 lọ, tí àntẹ́nà sì ti ga tó, ni a ti gbà kí ẹnikẹ́ni ra búsítà, orí òpó lẹ́bàá àntẹ́nà ni yóò sì wà, kì í ṣe inú pálọ̀.

Ẹ dán ibi tí ẹ fẹ́ ri òpó sí wò kí ẹ tó ra òpó. Ẹ yá dekódà aládùúgbò, ẹ so àntẹ́nà mọ́ ọparun gígùn, kí ẹnì kan dì í mú níta, kí ẹnì kejì wà lẹ́nu tẹlifíṣọ̀n. Ìlà méjì ni dekódà máa ń fi hàn, ọ̀kan fún agbára ìgbì, ọ̀kan fún bí ìgbì náà ṣe mọ́ tó, èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ yí àntẹ́nà díẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, nítorí dekódà kì í dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tó tún un yí. Àwọn tó ń yí i wìrìwìrì bí ẹni ń yí ọlọ máa ń kọjá ibi tó dára jù lọ láìmọ̀. Ọ̀pá tó kúrú jù lára àntẹ́nà ni yóò kọjú sí ibi tí ìgbì ti ń bọ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ tó fẹ̀. Ẹ tún wo ti àwọn aládùúgbò tó ń rí àwòrán dáadáa, bóyá àwọn ọ̀pá tiwọn dùbúlẹ̀ tàbí wọ́n dúró ṣánṣán, kí ẹ ṣe tiyín bákan náà.

Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àntẹ́nà tó wà ní mítà 3 láti ilẹ̀ ń ríran dé nǹkan bíi kìlómítà 7, èyí tó wà ní mítà 10 ń ríran dé nǹkan bíi kìlómítà 13. Òpó ilé-iṣẹ́ tó bá ga ní mítà 150 ń ríran dé kìlómítà 50 níwájú tirẹ̀. Ẹ ro tiyín mọ́ tirẹ̀, ẹ ó mọ bí ọ̀nà ṣe lè jìn tó. Bí òkè bá wà láàárín, ìṣirò yìí kò dúró mọ́, àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn òkè ní apá Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n mọ ohun tí à ń sọ. Fún irú wọn, bí ìdánwò ọparun kò bá mú nǹkan kan wá, àwo àti dekódà onísátẹ́láìtì ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n fi owó wọn ṣe, kí wọ́n má ṣe máa fi irin kún irin.

Òpó irin kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹ ri ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú símẹ́ǹtì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e. Wáyà ìdè mẹ́ta ni yóò dì í mú, kì í ṣe méjì, ẹ má bá wa jiyàn lórí èyí, nítorí àwọn òpó oníméjì ni ìjì wó. Ẹ so wọ́n mọ́ òpó ní ẹsẹ̀ bàtà 12 láti ilẹ̀, kí èèkàn kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ìdí òpó ní ẹsẹ̀ bàtà 9, kí àyè tó wà láàárín èèkàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba. Ẹsẹ̀ bàtà 50 wáyà ìdè yóò tó gbogbo rẹ̀. Bí ìdánwò bá fi hàn pé ó yẹ kí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ki irin kejì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ bọ inú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ sì fi ìdè mẹ́ta mìíràn kún un lókè.

Ẹ má ri òpó sí ibi tó jẹ́ pé bí ó bá wó, yóò kan wáyà iná mọ̀nàmọ́ná. Àyè tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ tó gígùn òpó àti ìdajì rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 30 fún irin kan. Irin tó bá kan wáyà iná nígbà tí ènìyàn mẹ́rin ń nà án ró lè pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ kò bá gba èyí, kí ó kan irin mọ́ ògiri ilé ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nípa wáyà, RG6 ni kí ẹ béèrè, èyí tó nípọn, kì í ṣe tín-ínrín tó máa ń bá àntẹ́nà inú ilé wá. Kódà RG6 pàápàá, lórí mítà 30, ó ń jẹ ju ìdajì ìgbì lọ kí ó tó dé inú ilé. Ẹ wọn ọ̀nà rẹ̀ kí ẹ tó rà á, ẹ fi mítà 2 lé e, kí ẹ gé e ní ẹyọ kan láìsí ìsokọ́ra. Ibi tí ẹ bá ti fi ọwọ́ lọ́ wáyà pọ̀ tí ẹ wá fi sẹ́lótéèpù dì, omi yóò wọ ibẹ̀, irin inú rẹ̀ yóò sì di àwọ̀ ewé. Kí wáyà tó wọ ojú fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò lè máa kán níta. Ẹni tó bá pín wáyà kan sí tẹlifíṣọ̀n méjì ti pín ìgbì náà sí méjì, kí ó tún lọ wo ìlà dekódà kí ó tó sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ri òpó ní Oṣù Kejì nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, ewé ti wọ́ lára ọ̀pọ̀ igi, àwòrán sì mọ́. Nígbà tí ó bá fi máa di Oṣù Kẹfà, irú àwọn igi bẹ́ẹ̀ tó wà níwájú àntẹ́nà ti kún fún ewé tútù, ewé tútù sì ń gbé ìgbì mì. Bí igi bá wà lọ́nà, ẹ gbé òpó kúrò níwájú rẹ̀ tàbí kí ẹ gbé e ga jù ú lọ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gé obì tó ń so nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Owó iná kù. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ń mu ìdajì lítà epo ní wákàtí kan, wákàtí 4 lálẹ́ jẹ́ lítà 2, oṣù kan sì jẹ́ lítà 60. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó ń ra lítà ládùúgbò rẹ̀ ṣírò rẹ̀, kí ó sì sọ fún wa bí ọ̀fẹ́ ṣe wá jẹ́ ọ̀fẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń lo iná bátìrì, tí kò ju wáàtì 20 lọ, pẹ̀lú dekódà wáàtì 10, yóò lo wáàtì 30. Fún wákàtí 4, ó di wáàtì-wákàtí 120. Bátìrì fóòtì 12 tí wọ́n kọ Ah 20 sí lára, ìyẹn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó, gba wáàtì-wákàtí 240, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó má baà kú kíákíá, nítorí náà òun gan-an ni yóò tó yín. Ẹni tó ti ní sólà fún iná ilé lè má ní láti ra ohun mìíràn.

Kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ tú wáyà àntẹ́nà kúrò lẹ́yìn dekódà, kí ẹ sì yọ orí iná kúrò lára ògiri; pípa bọ́tìnnì nìkan kò tó. Lẹ́yìn ìjì kọ̀ọ̀kan, ẹ jáde lọ wo ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fa èyí tó bá dẹ̀ le. Ẹni tó bá fẹ́ wá yá owó kejì lọ́wọ́ ẹgbẹ́, òpó rẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ wá wò, lẹ́yìn náà wáyà, kí a tó béèrè dekódà.