Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tó sábà ń da iṣẹ́ àjọṣe rú kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, bí kò ṣe pé kálukú gbà pé ẹlòmíràn ti ṣe é. Àwa mẹ́ta la jọ gbọ́ pé epo ẹ̀rọ amúnáwá ń tán lọ. Nígbà tí iná lọ lọ́jọ́ kejì, kẹ́ẹ̀gì ṣófo. Àkójọ àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2008 fún iṣẹ́ abẹ ní kí oníkálukú sọ orúkọ àti ojúṣe rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan aláìsàn. Kí ìpàdé yín tó tú, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí onítọ̀hún sì fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ.