Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ aṣàwárí oní-gáàsì fún ìtànṣán pátíkù tó pọ̀

Nínú ṣíṣe ẹ̀rọ aṣàwárí oní-gáàsì, ìyẹn àpótí gáàsì tí a fi ń ka pátíkù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé ìyára elẹ́kítírọ́ọ̀nù nìkan ni a máa ń wò. Bí pátíkù bá gba inú gáàsì kọjá, ó ń já elẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù, áyọ́ọ̀nù ni ó sì ń ṣẹ́kù. Nínú àdàlù ágọ́ọ̀nì àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì, elẹ́kítírọ́ọ̀nù lè la mìlímítà 3 kọjá láàárín bíi nanosecond 50, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù, tí ń wọ́ bí ìgbín, yóò lo àkókò tó lé ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan: ẹlẹ́ṣin ti wọlé, ẹlẹ́sẹ̀ ṣì wà lọ́nà. Bí ìtànṣán bá wá ń rọ́ wọlé láìdáwọ́ dúró, áyọ́ọ̀nù yóò kó jọ síbẹ̀, agbára iná tó yí wáyà tí ń kó elẹ́kítírọ́ọ̀nù jọ ká yóò rọ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì máa ka iye tó kéré sí iye tó kọjá, láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ ọlọ́pọ̀ wáyà tí Georges Charpak gbé kalẹ̀ ní CERN, ilé ìwádìí pátíkù ti ilẹ̀ Yúróòpù, ní 1968 síwájú irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1992; bíi pátíkù 10,000 lórí mìlímítà kan níbùú lóròó ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti ń mú un rẹ̀. GEM (Gas Electron Multiplier, ẹ̀rọ tí ń sọ elẹ́kítírọ́ọ̀nù di púpọ̀ nínú gáàsì), tí Fabio Sauli mú jáde ní 1997, sàn jù ú lọ. Ewé ike tí kò nípọn ju irun orí lọ ni, micrometre 50 péré, bàbà wà lójú rẹ̀ méjèèjì, ihò tó fẹ̀ tó micrometre 70 sì kún ara rẹ̀. Inú ihò ni elẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń pọ̀ sí i, bàbà òkè sì ń gba púpọ̀ nínú áyọ́ọ̀nù mú lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má ṣe di gbogbo ẹrù ìmúpọ̀sí náà ru ewé kan ṣoṣo. Ẹ pín in fún mẹ́ta. Ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àyẹ̀wò tí a fi iron-55, irú irin kan tó ń tú ìtànṣán X-ray jáde, ṣe nínú yàrá iṣẹ́. Elẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi 220 ni ìtànṣán rẹ̀ ń tú sílẹ̀ nínú ágọ́ọ̀nì, nígbà tí pátíkù alpha kan (àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù helium), irú èyí tó máa ń ṣèèṣì wà láàárín ìtànṣán gidi, lè tú nǹkan bí 200,000 sílẹ̀, kí iná sì ṣẹ́ yọ láti inú ihò.

Ti gọ́ọ̀mù ńkọ́? Silicone tí àwọn oníbalùwẹ̀ fi ń dí etí táìlì, tó máa ń rùn bí ọtí kíkan, kò gbọdọ̀ kan àpótí gáàsì rárá. Gáàsì tó ń yọ lára rẹ̀ ń di ìpara líle lára wáyà, ojú ibi tí ìtànṣán ń gbà kọjá gan-an ni ó sì ti máa ń nípọn jù.