Ẹ́ńjìnnì ìlọta lórí táyà méjì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí alùpùpù oní-dísù

Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà kò lè gbàgbé ìró ẹ́ńjìnnì ìlọta: gbò-gbò-gbò láti àárọ̀ kùtù, èéfín dúdú lókè páànù, àwọn ìyá tó to bàsíà ata sílẹ̀ tí wọ́n ń retí kó kàn wọ́n. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo gbé gun férémù (egungun irin) alùpùpù Royal Enfield Bullet nínú ilé pákó tó wà lẹ́yìnkùlé mi níbí ní Ìlú Ọba. Ó gbà mí ní ọdún kan ààbọ̀. Ká ní mo mọ ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ni, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Royal Enfield fúnra wọn ṣe alùpùpù oní-dísù tà ní Íńdíà, wọ́n pè é ní Taurus. Ẹ́ńjìnnì 325 cc ló wà níbẹ̀, agbára rẹ̀ kò ju hóòsì páwà 6.5 lọ, tí ọ̀nà bá sì tẹ́jú, ó ń sá tó kìlómítà 65 ní wákàtí kan. Ní Jámánì, Jochen Sommer gbé ẹ́ńjìnnì Hatz 462 cc, hóòsì páwà 11, sínú Enfield, ó sì tà á. Kò sẹ́ni tó ń ṣe irú nǹkan yìí nítorí eré. Oúnjẹ rẹ̀ tó kéré ló ń wu èèyàn: tèmi ń rin nǹkan bíi kìlómítà 50 lórí lítà kan. (Ẹni tó wà nílé tó ń rò ó pé òun á fi ṣe ọ̀kadà, kó fọwọ́ wọ́nú. Dísù ti wọ́n ju bẹntiróò lọ ní Nàìjíríà tipẹ́tipẹ́.)

Gbogbo àṣìṣe tí mo rí, tèmi àti ti ẹlòmíì, ìyá kan náà ló bí wọn. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí kó jókòó sójú kan, kó máa yí ní eré kan, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò mọ̀ pé òun ń lọ síbì kankan. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ni yóò máa jó irin, tí yóò tún máa gé e.

Ẹ má sanwó kí ẹ tó wo ẹnu kíráńkì

Ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí ni ẹ̀dà ti Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní 186F. Písítìnì kan ṣoṣo, tó fẹ̀ ní mìlímítà 86, hóòsì páwà 10 tó bá ń yí ní ìgbà 3,600 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìwúwo rẹ̀ nǹkan bíi kílò 50. Atẹ́gùn ló ń tù ú, kò nílò omi. Títí síbẹ̀, ó dára.

Àmọ́ oríṣi méjì ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà. Èyí tí wọ́n ṣe fún pọ́ǹpù omi ní ẹnu kíráńkì (irin tí písítìnì ń yí, tó yọ síta) tó gún régé, tí wọ́n gbẹ́ ojú kọ́kọ́rọ́ (ihò tí irin kékeré ń wọ̀ kó má bàa yọ̀) sí lára, sprocket (irin eléyín tí ṣéènì ń gùn) á wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún jẹnẹrétọ̀, ẹnu tirẹ̀ ń tín-ín-rín lọ síwájú bí ẹnu àrọ, kò sí sprocket ọjà tó máa jókòó sórí rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀ ni mo rà, torí pé owó rẹ̀ fi díẹ̀ dínkù. Owó tí mo fún ẹni tó bá mi gbẹ́ irin tó lè wọ̀ ọ́ ju ohun tí mo rò pé mo fi pamọ́ lọ.

Ẹ tún wo ọ̀nà tó ń yí sí. Ẹ dúró sí apá òsì alùpùpù yín: táyà tó ń lọ síwájú ń yí lòdì sí ọwọ́ aago, bẹ́ẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ rí fún kíráńkì tí ṣéènì bá ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tí kò bá wo èyí kó tó jó o mọ́ férémù lè ní gíà mẹ́rin tó ń lọ sẹ́yìn.

Àwọn kan á sì ní Lister àtijọ́ ni àwọn fẹ́, torí pé kì í kú. Òótọ́ ni, kì í kú. Ṣùgbọ́n Lister 6/1 ìgbà yẹn, hóòsì páwà 6 ni ní ìgbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì wúwo ju kílò 300 lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ sídìí ẹ̀gẹ́.

Ọwọ́ tí kì í padà

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara pa.

Lára ẹ́ńjìnnì ìlọta, irin tí a fi ń sọ eré fún un máa ń dúró síbi tí ọwọ́ bá gbé e sí. Ìyá ọlọ́ta á tì í lẹ́ẹ̀kan, á fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, á kọjú sí ata. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo so wáyà tọ́rótù (ọwọ́ alùpùpù tí a ń yí fún eré) mọ́ irin yìí, mo gbé alùpùpù lọ sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ilé, mo wọ gíà kejì, mo yí ọwọ́. Ó lọ. Mo dá ọwọ́ padà. Ó ṣì ń lọ. Mo fún kílọ́ọ̀ṣì, alùpùpù dúró, ẹ́ńjìnnì kò sì tiẹ̀ pariwo sí i: eré kan náà ló dì mú, gbò-gbò-gbò, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ òsì mi kò lè fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń wá irin tí a fi ń pa á lábẹ́ táńkì, mo sì fi jóná lára sàlẹ́ńsà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Ẹ tú irin náà, ẹ yọ irin pẹlẹbẹ tó ń mú kó le, ẹ fi sípíríǹgì méjì fà á padà, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ tí èkejì bá já. Kí ẹ sì gbé irin ìpa-ẹ́ńjìnnì wá sórí ọwọ́ alùpùpù, níbi tí àtàǹpàkò ti lè kàn án.

Ohun kejì ni pé gọ́fánọ̀ (ohun tó ń bù epo fún ẹ́ńjìnnì kí eré rẹ̀ lè dúró sójú kan) ló ń wa ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀yin kọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ìlọta ṣe ní Gbọ̀ngán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá dé orí òkè, mo yí ọwọ́ títí, kò fi nǹkan kan kún un." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ìwọ ò pàṣẹ fún epo, eré lo pàṣẹ fún. Epo wà lọ́wọ́ gọ́fánọ̀. Kó o tó rí òkè yẹn, òun ti ṣílẹ̀kùn tán." Bẹ́ẹ̀ ni. Tí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, gíà ni kí ẹ yí padà, ẹ má fìyà jẹ ọrùn ọwọ́ yín.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń yọ gọ́fánọ̀ kúrò, tàbí kí wọ́n tú síkúrù tó dá a dúró sí 3,600. Ẹ má ṣe é. Písítìnì dísù wúwo, ẹrù tó ń fa kọnrọ́ọ̀dù rẹ̀ (irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì) kì í sì pọ̀ sí i ní iye kan náà pẹ̀lú eré. Tí ẹ bá gbé e láti 3,600 lọ sí 4,500, eré lé ní ìdá mẹ́rin kan, ṣùgbọ́n ẹrù yẹn lé ní ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá sá lọ ńkọ́?

Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pulọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná tó láti tan epo, ní ìlọ́po mọ́kàndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára irú 186F. Ìyẹn ni pé ohunkóhun tó bá lè jó ló lè jẹ. Tí ẹ bá rọ ọ́ìlì kún un jù, tí òórùn ọ́ìlì yẹn sì gba ẹnu ọ̀nà èémí wọ ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì ara rẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ ti epo pa, kò gbọ́. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kò gbọ́. Eré rẹ̀ á máa lọ sókè títí nǹkan yóò fi fọ́.

Afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ lè fi pa á. Èmi jó ìdérí kékeré kan mọ́ ẹnu fílítà afẹ́fẹ́, mo so wáyà mọ́ ọn. Ní ilé pákó, mo ní pátákó pẹlẹbẹ kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì nígbàkígbà tí mo bá ń dán an wò. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ dí i, ẹ má sì fi àkísà dí i: yóò gbé àkísà mì.

Gíà: ẹ ṣírò kí ẹ tó ra sprocket

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí wọ́n bá ti sọ gíà di gígùn (kí kíráńkì má yí púpọ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), alùpùpù á sáré. Ẹ jẹ́ ká fi tèmi ṣe é. Kíráńkì mi ń yí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan nínú gíà kẹrin. Ní 3,600, táyà ń yí ní ìgbà 720 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àyíká táyà mi jẹ́ mítà 2.05. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: kìlómítà 88 ní wákàtí kan ni òpin.

Ó wù mí kó tó 110, mo bá pààrọ̀ sprocket. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 75 ni kò lè kọjá mọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọ èèyàn kì í dúnàádúrà: tí ẹ bá fẹ́ ìlọ́po méjì eré, ìlọ́po mẹ́jọ agbára ló ń béèrè. Hóòsì páwà 10 ò ní ohun tí yóò fi san án. Mo dá sprocket àtijọ́ padà.

Gbígbọ̀n

Mo fi irin pẹlẹbẹ mìlímítà 4 gbé ẹ́ńjìnnì sínú férémù, mo sì kùn ún dáadáa, ó ń dán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo rí ìlà tín-ín-rín kan nínú ọ̀dà náà, bí irun orí. Mo ti fẹ́ nù ún kúrò. Èékánná mi ló há sínú rẹ̀: irin ló sán. Mìlímítà 10 ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ má sì rò pé rọ́bà yóò gbà yín. Tí ṣéènì bá so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tí ẹ wá gbé ẹ́ńjìnnì nìkan lé rọ́bà, ṣéènì náà á máa le, á máa dẹ̀, títí yóò fi já. Àwọn méjèèjì ni kó jọ dúró gbọn-in sórí irin kan náà. Nọ́mbà ẹ̀yìn mi já bọ́ lójú ọ̀nà, awakọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ló bá mi gbé e wá. Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀tì olórí rọ́bà ni mo ń lò fún gbogbo nǹkan kéékèèké.

Páànù tó bo fáànù àti orí ẹ́ńjìnnì kò lẹ́wà, mo gbà. Àwọn kan ń yọ ọ́ kí ojú alùpùpù lè mọ́. Páànù yẹn ló ń darí atẹ́gùn sára irin tó gbóná. Ẹ fi í síbẹ̀.

Nọ́sù, páìpù, àti ọwọ́ yín

Tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù epo, ẹ́ńjìnnì kò ní jí, ẹ ó sì ní láti tú nọ́ọ̀tì ẹnu nọ́sù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹni tó bá ṣe èyí tán máa ń fẹ́ rí i bóyá nọ́sù ń fọ́n epo dáadáa, á wá gbé ọwọ́ síwájú rẹ̀. Nǹkan bíi 200 bar (ìwọ̀n ipá) ni epo yẹn fi ń jáde, bí ọgọ́rùn-ún ìlọ́po ohun tó wà nínú táyà mọ́tò. Ó ń wọ awọ ara lọ bí abẹ́rẹ́. Ojú ibẹ̀ lè má ju ojú ẹ̀gún lọ, kó má tiẹ̀ dun èèyàn rárá, àmọ́ ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé dísù ni. Àwọn èèyàn ti pàdánù ìka lórí èyí. Bébà ni kí ẹ fi wò ó.

Epo tó kù lẹ́nu nọ́sù ní páìpù tirẹ̀ tó ń dá a padà sí táńkì. Mo ti rí ẹni tó gé e tó jẹ́ kó máa kán sílẹ̀. Ilẹ̀ kọ́ ló kán sí, táyà ẹ̀yìn ni. Dísù kì í gbẹ bíi bẹntiróò.

Ìwé, àti epo inú táńkì

Níbí, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti irú epo tó ń jẹ, kí wọ́n tún V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà, kọ. Ẹ sọ fún oníìnṣọ́ránsì náà. Kí ẹ tó gé férémù, ẹ rántí pé alùpùpù tí wọ́n bá kà sí èyí tí a ti yí padà pátápátá lè ní láti lọ fún àyẹ̀wò àkànṣe kó tó gba nọ́mbà.

Dísù pupa (kì í ṣe epo pupa o) jẹ́ ti tírákítọ̀, owó orí rẹ̀ kéré. Ó lòdì sófin lójú ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò nínú táńkì.

Ní ti òróró, kì í ṣe àlá: ní ìpàtẹ Paris ọdún 1900, wọ́n fi òróró ẹ̀pà wa ẹ́ńjìnnì Diesel kan. Òfin Ìlú Ọba pàápàá gbà kí èèyàn lo irú òróró bẹ́ẹ̀ tí kò tó lítà 2,500 lọ́dún láìsan owó orí rẹ̀. Mo gba òróró tí wọ́n ti fi din nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja díndín, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sí táńkì láìpò ó mọ́ nǹkan kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn dùǹdú ló ń tẹ̀ lé mi kiri àdúgbò. Nígbà tí òtútù dé, ó dì mọ́ inú fílítà bí òrí, mo sì ti alùpùpù náà dé ilé nínú yìnyín. Ní báyìí, láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹrin, dísù lásán ni mo ń rà.