Bí Mo Ṣe Tọpa Kòrónà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ 33 ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

"Àbíkẹ́, ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ wa?"

Ohun tí màmá mi ń bi mí láràárọ̀ nìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Ata ni wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò iye ènìyàn tí kòrónà ti mú ní Nàìjíríà, wọ́n ti gbọ́ iye ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó fẹ́ gbé igbá jáde fẹ́ mọ̀ kò sí níbẹ̀: ṣé ìtòsí wa ló wà ni, àbí ọ̀nà jíjìn? Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí, ilé ẹ̀kọ́ sì ti wà ní títì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo lò nídìí rẹ̀.

Ìwé gígùn ẹlẹ́yìn líle, irú èyí tí àwọn onísọ́ọ̀bù fi ń kọ gbèsè, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí apá òsì: mọ́kànlá ti Ìbàdàn ṣáájú, kí n tó kan Ọ̀yọ́ àti Afìjìó, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àyíká rẹ̀, Ìbàràpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti gbogbo Òkè-Ògùn. Mo wá fi bébà fẹ́lẹ́ lé máàpù ìpínlẹ̀ wa lórí, mo fi pẹ́ńsù tọ ààlà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi pé.

Ibi méjì ni mo ti ń rí iye tí mò ń kọ. Àjọ NCDC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, tí Dókítà Chikwe Ihekweazu jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà, máa ń gbé ti gbogbo orílẹ̀-èdè jáde lórí Twitter lálẹ́, ìgbà mìíràn ilẹ̀ á ti ṣú dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dá. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ló ń la ti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: mélòó láti Ẹgbẹ́dá, mélòó láti Lágelú. Òun gan-an wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé náà, torí pé ní 30 oṣù kẹta ló kéde pé àyẹ̀wò ti bá àrùn náà lára òun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti ṣe àṣìṣe. Gómìnà á kéde àwọn kan lónìí, NCDC á fi àwọn kan náà kún tiwọn lọ́la, èmi á tún kọ wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun. Ìgbà tí àròpọ̀ mi ga ju ti orílẹ̀-èdè fún Ọ̀yọ́ ni mo tó mọ̀. Mo ya ojú ewé mẹ́rin dànù, mo tún un kọ. Láti ìgbà náà, ti ìpínlẹ̀ ni mo fi ń mọ ibi tí wọ́n ti wá, ti NCDC ni mo fi ń yẹ ìṣirò mi wò lópin ọ̀sẹ̀.

Mo tún rí i pé àpapọ̀ iye tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù kì í wálẹ̀ láéláé. Ẹni tó ti sàn láti oṣù tó kọjá ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà mo la ìlà mẹ́ta fún ibi kọ̀ọ̀kan: àwọn tuntun, àwọn tí wọ́n ti dá sílẹ̀ lọ sílé, àti àwọn tó kú. Ìlà kẹta yẹn, n kì í lè kọ ọ́ kíá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, màá kọ́kọ́ gbé bírò sílẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti ọjọ́. Ká ní wọ́n kéde òdo, 2, òdo, 19, 3, òdo, 11 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí ó jẹ́ 19, ọjà á dà rú. Lọ́jọ́ tí ó jẹ́ òdo, wọ́n á bọ́ ìbòmú. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn lè má ti ọwọ́ àrùn wá rárá. Ó lè jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kò tíì parí ti àná ni, tí èsì ọjọ́ mẹ́ta sì jáde pa pọ̀. Bí a bá ro méjèèje pọ̀, 35 ni; pín in sí méje, 5 ni lójúmọ́. Iye yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò, mo sì ń fi ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àti pé ẹni tí èsì rẹ̀ jáde lónìí kò kó o lónìí: àrùn náà lè wà lára fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kó tó ṣàyẹ̀wò, kí èsì tó dé. Ohun tí mò ń kùn sí máàpù lónìí, ó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́.

Ibo ni ká ti ka ènìyàn sí? Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan, gba Èkó wọlé, ó lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ibẹ̀ ló ti ń ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yábàá, àyẹ̀wò sì fìdí àrùn náà múlẹ̀ lára rẹ̀ ní 27 oṣù kejì. Èkó ni wọ́n kà á sí. Irú rẹ̀ bá wa n'Ìbàdàn ní ìdajì oṣù karùn-ún. Ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn ni wọ́n ti rí èsì tó lé ní ọgbọ̀n. Kíákíá ni mo kun ibẹ̀ nìkan ní pupa. Nígbà tó di òru ni mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì: àwọn òṣìṣẹ́ yìí kì í sùn síbi iṣẹ́! Dáńfó àti mícrà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sílé. Mo tan iná, mo fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tó yí i ká, kí n lè máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ènìyàn 127 ni wọ́n dá dúró síbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta nígbà tí wọ́n ti Ivory Coast dé. Àyẹ̀wò bá àrùn náà lára àwọn kan nínú wọn, iye ti Ọ̀ṣun sì fò sókè lójijì. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà lásán á ní àrùn ti gba ìgboro Ọ̀ṣun kan, nígbà tó jẹ́ pé inú ìyàsọ́tọ̀ ni àwọn wọ̀nyí wà.

Ohun tó dùn mí jù nínú máàpù mi ni Òkè-Ògùn. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló funfun báláú, torí wọn kò kéde ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi léèrè pé ta ló lọ yẹ̀ wọ́n wò? Ìbàdàn ni yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá UCH wà. Ìbàdàn náà ni pápá Adámásìngbà tí wọ́n ti ń gba àyẹ̀wò lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe ní Ìgbẹ́tì, ta ló máa gbé e wá? Iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò níbì kọ̀ọ̀kan kò sí nínú ohun tí mò ń rí kà, nítorí náà n kò lè fi funfun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù dúdú fa ìlà wẹ́wẹ́ sórí gbogbo rẹ̀, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́: "a kò tíì wò ó." Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe fi àwọ̀ kan náà kun ibi tí àrùn kò sí àti ibi tí ojú kò tíì dé.

Lálaalẹ́ Sunday ni mo ń gba ohùn mi sílẹ̀ lórí WhatsApp fún àwọn ìyálọ́jà. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni mò ń dá. Àwọn kan bínú sí mi. Wọ́n fẹ́ kí n sọ àdúgbò, kí n sọ ilé. Mo kọ̀, nítorí mo ti rí ìdílé kan lágbègbè wa tí wọn ò ta omi fún mọ́ lórí ọ̀rọ̀ àhesọ.

Ọjọ́ tí mo dá màmá mi lóhùn pé, "Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, màmi," wọn ò sunkún. Wọ́n so okùn yí àtẹ wọn ká, wọ́n gbé abọ́ omi ọṣẹ kan síwájú, òmíràn tí oníbàárà á ju owó sí.

Oṣù kẹsàn-án ni mo kọ ìlà tó kẹ́yìn, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Àwọn ìyá kò bi mí pé ṣé ó ti dé mọ́ nígbà yẹn. Bí mo bá ti gbé fóònù láàárọ̀, ohun tí mò ń gbọ́ ni: "Àbíkẹ́, ti ọjọ́ méje ńkọ́?"